Ihò Tó Wà Lórí Bọ́nẹ́ẹ̀tì Bàbá

                                        Ṣọ́ọ̀bù Ìránṣọ Màmá,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́,
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Ìyàwó wa ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti fúyẹ́? Ara Màmá le kókó, ẹnu wọn sì tún le jù ú lọ. Èmi náà wà bí ẹ ṣe fi mí sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kò tíì tán lẹ́nu mi.

Mo rí lẹ́tà yín tí ẹ fi ní ká ta ọkọ̀ tí Bàbá fi sílẹ̀ kí wọ́n tó kú. Mi ò bá yín jà. Ẹ̀yin náà wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí omi ẹ́ńjìnnì rẹ̀ hó lójú òkè, tí a jókòó ti kọ́tìnnì àwọn ará òtẹ́ẹ̀lì títí oòrùn fi wọ̀. Ṣùgbọ́n láìsí ọkọ̀ yẹn, Màmá kò lè gbé iṣẹ́ dé òtẹ́ẹ̀lì, iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ló sì kù tó ń mú ṣọ́ọ̀bù dúró.

Ó-Kù-Díẹ̀, mẹkáníìkì wa, yẹ rédíétọ̀ àti fáànù wò, kò rí àléébù kankan. Ó ní ẹ́ńjìnnì ńlá tí Bàbá fi pààrọ̀ ti tẹ́lẹ̀ ló há mọ́bẹ̀, ooru rẹ̀ kò rọ́nà jáde, àfi ká la bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ ò bá rí ojú Màmá. Bọ́nẹ́ẹ̀tì tí Bàbá ń fi aṣọ pupa nù ní gbogbo Sátidé, tí wọn kì í jẹ́ kí a gbé ife lé. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ fi ayùn kàn án, kó kọ́kọ́ fi kan ọrùn àwọn.

Ó-Kù-Díẹ̀ tí kò rí àdán wá fẹ́ fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ó ki wáṣà, irin pẹlẹbẹ onihò, sábẹ́ ìdè tí bọ́nẹ́ẹ̀tì fi ń ṣí, ó gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè díẹ̀ níbi gíláàsì iwájú, pé kí ooru gba ibẹ̀ jáde. Ọkọ̀ náà tún hó. Òórùn ẹ́ńjìnnì kún ọ̀dọ̀ wa nínú ọkọ̀, Màmá ń sín títí a fi délé.

Màmá fúnra wọn ló ronú kan ọgbọ́n. Wọ́n gé òwú wúlì kéékèèké, wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì láti iwájú dé ẹ̀yìn, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ní kí n máa wà á lọ. Àwọn ọmọ àdúgbò ní ọkọ̀ Bàbá ti ń hu irun. Nígbà tí eré pọ̀, òwú ìtòsí gíláàsì lẹ̀ mọ́ irin pátápátá, bí ẹni pé ọwọ́ ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn òwú tó wà lókè, lẹ́yìn rédíétọ̀, dìde, wọ́n ń jó bí ẹni gbọ́ ìlù. Màmá ní, “Dúró ná. Ibi tí a ṣí fún ooru, atẹ́gùn ló ń gbabẹ̀ wọlé. Iwájú níbí ni ooru fẹ́ gbà jáde.” Wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan ibẹ̀. “Ó dáa, kí wọ́n là á. Ṣùgbọ́n irin bàbá yín kankan ò gbọdọ̀ bọ́ sílẹ̀.”

Pánẹ́ẹ̀lì-bítà tí a gbé e lọ bá gbọ́ràn. Kò gé nǹkan kan kúrò. Ó la irin náà, ó sì tẹ etí rẹ̀ sókè ní ìlà-ìlà bí ìpẹ́ ẹja, ó kùn ún. Ní Túsìdé, a gun òkè náà tán pẹ̀lú ẹrù bámúbámú, ọwọ́ gééjì tó ń fi ooru ẹ́ńjìnnì hàn kò kọjá àárín. Inú mi dùn débi pé orin ni mo kọ sọ̀kalẹ̀, ẹ sì mọ ohùn mi. Tí òjò bá fẹ́ rọ̀ nígbà tí ọkọ̀ wà nílẹ̀, a máa ń da tapólì bò ó. Ìyọnu rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀gbẹ́ni tí ẹ rán wá ra ọkọ̀ dé ní Sátidé. Ó bá Màmá níwájú ilé, aṣọ pupa Bàbá lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń nu etí ihò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mi orí, ó ní ta ló ba bọ́nẹ́ẹ̀tì tó dára báyìí jẹ́. Màmá kò dáwọ́ dúró. Wọ́n ní, “Èmi ni mo ní kí wọ́n là á. Ẹ bá mi kí ọmọ mi tó rán yín. Ẹ ní ọkọ̀ bàbá rẹ̀ ń lọ síbi iṣẹ́ ní Mọ́ńdè.”

Ẹ bá mi kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rán ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ wá mọ́. Tí ẹ bá fẹ́ rán nǹkan, aṣọ pupa ni kẹ́ ẹ rán. Ti Bàbá ti ń ya mọ́ etí ihò, Màmá ò sì fẹ́ fi aṣọ mìíràn nù ún.

Èmi ni àbúrò yín tí kì í dákẹ́,
Ẹlẹ́jọ́-Wẹ́wẹ́.