Ìyá Ọkọ Mi Ní Ifọ̀ Ni Àwọn Fẹ́

Èmi ni mo bi ìyá ọkọ mi ní ìbéèrè tó fẹ́ tú ilé wa ká yìí o... ẹ bá mi dá sí i, ó ti rẹ̀ mí. Iṣẹ́ survey ni mò ń ṣe, à ń gbé tablet kiri ojúlé ní Ibafo, à ń bi àwọn àgbàlagbà bí wọ́n ṣe fẹ́ lo ọjọ́ ogbó wọn. Ìgbé ayé méjì la máa ń kà sí wọn létí, bíi kí wọ́n máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ tàbí nílé ara wọn, wọ́n á mú ọ̀kan, a ó tún ka méjì míì, títí á fi pé ẹ̀ẹ̀mejìlá. Lọ́jọ́ yẹn, ó ku ẹnì kan ṣoṣo kí n parí, ẹsẹ̀ ń ro mí, mo bá jókòó ti màámi, ìyá ọkọ mi, nílé wa ní Magboro. Ọdún kẹta rèé tí ọkọ mi ti kó wọn wá láti Ifọ̀, èmi ni mò ń wẹ̀ fún wọn, èmi ni mò ń ṣe gbogbo ẹ̀.

Mẹ́ta àkọ́kọ́, ọ̀dọ̀ ọmọ ni wọ́n ń mú, kíákíá, bí ẹni ń ka àkọ́sórí. Nígbà tó di ìkẹrin, wọ́n ní kí n tún un kà. Ìkarùn-ún, wọ́n ronú títí. Láti ìkeje, ilé ara wọn ni wọ́n ń mú, kódà èyí tí dókítà jìnnà sí. Wọ́n wá wò mí, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, àṣé ilé mi ni mo fẹ́. Kò sẹ́ni tó bi mí rí."

Ó ku mẹ́ta, oorun gbé wọn lọ. Èmi ni mo tẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ilé ara wọn ni mo tẹ̀... Ṣé tiwọn ni mo tẹ̀ àbí tèmi?

Lọ́jọ́ kẹta, màámi sọ fún ọkọ mi pé àwọn ń lọ sí Ifọ̀. Ó ní mo ti lé ìyá òun. Kò jẹ oúnjẹ mi mọ́. Ó ti pe ẹbí jọ fún Sunday, ó ní kí n wá búra pé ọwọ́ mi ò sí níbẹ̀. Tí mo bá jẹ́wọ́ pé èmi ni mo bi wọ́n, tí mo sì tẹ mẹ́ta fún wọn, ẹbí á ní èmi ni mo kọ́ màámi lọ́rọ̀, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ti màámi mọ́. Tí mo bá sì fi í pamọ́, ṣé kí n fi irọ́ búra ni?

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ̀yin ìyá ọkọ, kí ni kí n ṣe?