Orúkọ Ìyá Rẹ Ṣì Wà Nínú Ìwé Olùdìbò

Ọmọ mi àgbà,

Ìyá rẹ kú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹta ọdún tó kọjá, kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo mọ̀ pé o mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó wà ní ọ́fíìsì ètò ìdìbò sọ fún mi pé lẹ́tà yòówù tí mo bá kọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹni tó kú àti ọjọ́ tó kú ni kó ṣáájú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn ò ní kà á. Mi ò fẹ́ kí ìwọ náà má ka tìrẹ.

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun? Kí Ọlọ́run má fi ẹkún pè wá jọ mọ́. Kí àwọn ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ má rí ẹ̀sùn kà sí ọ lọ́rùn, kí ilé tí ò ń gbé má jò. Tiwa ń jò. Aránṣọ tó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí ní àdúrà náà ti kúrú jù, mo ní Ọlọ́run ń gbọ́ èyí tó kúrú. Inú ìwé tó fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀ ló ti fa bébà yìí ya, nítorí náà bí o bá rí i lẹ́yìn rẹ̀ pé ìdí jẹ́ márùndínláàádọ́ta, má dààmú, ìyàwó káfíńtà ló ni ín.

Ewúrẹ́ bí méjì, ọ̀kan kú. Àbúrò rẹ ti parí iṣẹ́ bíríkìlà tó ń kọ́, ó ti mọ ògiri kan, ògiri náà sì dúró. Orúnkún mi ń dùn mí, àmọ́ mi ò bá a sọ̀rọ̀, mo kàn ń rìn.

Ìbò ààrẹ ti dé tán, gbogbo àdúgbò sì ti yí padà bí ilé tí àwọn àna ń bọ̀ wá. Wọ́n ti kun ògiri ilé ìwé, apá kan fún ẹgbẹ́ Alátùpà, apá kejì fún ẹgbẹ́ Oníkọ́kọ́rọ́. Ẹgbẹ́ Alátùpà gba iwájú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, ẹgbẹ́ Oníkọ́kọ́rọ́ gba ti alágbẹ̀dẹ tó wà ní ọ̀kánkán rẹ̀, ni káfíńtà àti alágbẹ̀dẹ tí wọ́n ti jọ ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan láti ogún ọdún bá dẹ́kun kíkí ara wọn. Wọ́n wá lẹ àwòrán olùdíje Oníkọ́kọ́rọ́ mọ́ ilẹ̀kùn wa nígbà tí mo lọ sóko. Mo fi ọ̀bẹ họ ọ́. Gbogbo rẹ̀ ló kúrò, àfi eyín rẹ̀. Eyín náà ṣì wà níbẹ̀, ó ń rín mi bí mo bá ń wọlé, ó ń rín mi bí mo bá ń jáde.

Mo mọ eyín náà. Òun ló wá ṣí ilé ìwòsàn wa ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn nígbà tó jẹ́ mínísítà, ó gé rìbọ́ọ̀nù, wọ́n yà á ní fọ́tò, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì gbé kọ́kọ́rọ́ lọ. Àwọn tí kọ́kọ́rọ́ jẹ́ àmì ẹgbẹ́ wọn, ọdún mẹ́rin rèé tí wọn ò rí ẹyọ kan mú wá fún wa. Nígbà tí àyà bẹ̀rẹ̀ sí í há ìyá rẹ, káfíńtà àti alágbẹ̀dẹ ló gbé e síwájú ilé ìwòsàn náà, nítorí kò sí òmíràn nítòsí. Mo kan ilẹ̀kùn títí ọwọ́ mi fi bó. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà tí wọ́n ṣì wà nínú ọ̀rá. Orí àtẹ̀gùn ìta ló kú sí. Aránṣọ ti dá kíkọ dúró báyìí, ó ń nu ojú. Mo ti ní kó máa kọ.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ Oníkọ́kọ́rọ́ ládùúgbò wa, èyí tí a ń pè ní Ọ̀rẹ́-Gbogbo-Ilé, kó ìwé orúkọ olùdìbò wá, ó ní òun rí èmi àti ìyá rẹ níbẹ̀. Mo ní ìyá rẹ ti kú. Ó ní òun mọ̀, Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n kí n gbé káàdì ìdìbò wọn wá kó má baà ṣòfò. Ó mú agbòjò kan jáde, ojú olùdíje wà lórí rẹ̀. Mo bi í pé báwo ni òkú ṣe máa dìbò. Ó ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, àwọn mọ bí wọ́n á ṣe ṣe é, àti pé ìyá á ràn wọ́n lọ́wọ́ níbi tí wọ́n wà. Ó yé mi. Ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyá rẹ lójú ló fẹ́ kí ìyá rẹ wá fi òun jẹ ààrẹ. Mo lé e jáde tòun ti agbòjò rẹ̀. Òjò ń rọ̀ lọ́wọ́.

Kí n sọ ohun kan fún ọ. Ọdún méjìlélógójì ni èmi àti ìyá rẹ fi gbé pọ̀, kò sọ ẹni tó dìbò fún fún mi rí. Bí mo bá bi í, á ní kí n lọ wo iná. Èmi tí mo jẹ́ ọkọ rẹ̀ ò mọ̀ ọ́n, Ọ̀rẹ́-Gbogbo-Ilé ò ní bá a yàn.

Lọ́jọ́ kẹta, olùdíje náà fúnra rẹ̀ pè mí lórí fóònù. Ẹ̀rù ò bà mí. Ó ní ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ní èèyàn mélòó lo rí, èmi nìkan ni mo wà níbí. Kò dáhùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ọ̀nà àti ti iná. Ẹni tó fẹ́ di ààrẹ, kò mọ̀ pé ó yẹ kí èèyàn dákẹ́ kí àgbà sọ tirẹ̀. Mo gbé ohùn mi ga ju tirẹ̀ lọ, mo sọ fún un nípa ilẹ̀kùn, mo sọ nípa bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà, mo sọ orúkọ ìyá rẹ, mo ní kó pàṣẹ kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìwé. Ó ní òun gbọ́ wa, òun mọ gbogbo ohun tí à ń là kọjá. Mo dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní kí n tẹ oókan bí mo bá máa dìbò fún òun, kí n tẹ eéjì bí mi ò bá ní ṣe bẹ́ẹ̀. Mo tẹ eéjì. Mo tẹ̀ ẹ́ títí bọ́tìnnì náà fi wọlé tí kò jáde mọ́. Ìdí nìyẹn tí o kò fi rí ìpè mi. Káfíńtà ní ó pe òun náà ní àkókò yẹn gan-an. Mo ní irọ́ ló ń pa, èmi ló ń bá sọ̀rọ̀ nígbà náà.

Mo wọ ọkọ̀ akópákó lọ sí ọ́fíìsì ètò ìdìbò. Ọmọbìnrin kan wà nídìí kọ̀ǹpútà, mo sọ orúkọ ìyá rẹ, ó tẹ̀ ẹ́, ó ní wọ́n wà níbí bàbá, wọ́n ṣì wà láàyè. Mo ní kó bi ẹ̀rọ náà ibi tó wà. Ó ní ẹ̀rọ náà ò mọ ìyẹn. Mo ní bó bá mọ̀ pé ó wà láàyè, ó yẹ kó mọ ibi tó wà, nítorí mo ti ń wá a láti ọdún tó kọjá. Ó ní kí orúkọ tó lè kúrò, ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ wá tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo ní kó tún un sọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un sọ, ó dé àárín, ó dìde, ó sì lọ pe ọ̀gá rẹ̀.

Ọ̀gá náà fún mi ní ìjókòó. Mo sọ fún un pé olùdíje ti gbà sí mi lẹ́nu lórí fóònù. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó pẹ́ kó tó wọ̀ ọ́ padà. Ó ní ìwé ẹ̀rí ikú ni òun nílò, kí n gbà á ní ilé ìwòsàn tó kú sí. Mo ní iwájú rẹ̀ ló kú sí, kò wọ inú rẹ̀. Ó ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí n gbà á ní ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ wa jù. Mo sọ èyí tó sún mọ́ wa jù fún un. Òun náà mọ̀ ọ́n.

Ó wá ní ọ̀nà kan ló kù. Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn tó kú wà ní ìlú ńlá tí o wà yẹn. Bí ọmọ òkú bá lọ síbẹ̀, tó búra, tó sì mú ìwé ẹlẹ́rìí méjì lọ́wọ́, wọ́n á fún un ní ìwé ẹ̀rí, ọmọ náà á sì mú un lọ sí olú ọ́fíìsì ètò ìdìbò níbẹ̀ kí wọ́n yọ orúkọ náà. Ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù yìí ni wọ́n máa pa ìwé orúkọ dé. Bó bá kọjá ọjọ́ náà, ìyá rẹ á dìbò.

Ẹlẹ́rìí méjì, ta ni mo fẹ́ wá bí kò ṣe káfíńtà àti alágbẹ̀dẹ? Mo pe àwọn méjèèjì sí pálọ̀ wa. Káfíńtà ní òun ò lè fọwọ́ sí ìwé kan náà pẹ̀lú Oníkọ́kọ́rọ́, alágbẹ̀dẹ ní ẹgbẹ́ òun á ní òun ta àwọn. Mo ní lọ́jọ́ tí ẹ gbé e, ta ló di orí rẹ̀ mú, ta ló di ẹsẹ̀? Alágbẹ̀dẹ ní òun ló di orí. Káfíńtà ní òun ló di ẹsẹ̀. Mo ní ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ ọ́, wọ́n sì fọwọ́ sí i, kò sì sí ẹni tó sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ mọ́ títí wọ́n fi lọ.

Ìwé wọn ló wà nínú àpò lẹ́tà yìí, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù tí ọ̀gá náà fún mi tí mo tẹ àtàǹpàkò sí, àti káàdì ìyá rẹ tí mo fi aṣọ wé. Má ṣe fi káàdì náà han ẹnikẹ́ni tó bá wọ fìlà ẹgbẹ́, ì báà jẹ́ ti Alátùpà.

Mi ò tọrọ owó lóṣù yìí. Èyí tí o bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí mi, fi wọ mọ́tò lọ sí ọ́fíìsì méjèèjì. Bó bá ṣẹ́ kù, bá mi ra fóònù tí bọ́tìnnì eéjì rẹ̀ dára, nítorí ọkùnrin yẹn lè tún pè.

Kí ẹsẹ̀ rẹ bá ẹni tó máa dá ọ lóhùn nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Kí ọmọ tìrẹ má wá irú ìwé yìí kiri lórí rẹ láéláé.

Ibi tí ẹsẹ̀ mi lè dé nìyí. Ìwọ ni àkọ́bí rẹ̀, ìwọ ni wọ́n á gbọ́ ohùn rẹ, ọ̀rọ̀ náà ti di tìrẹ. Bí wọ́n bá ní kí o padà wá lọ́la, jókòó síbẹ̀ di ọ̀la.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.