Ta Ni Yóò Yan Búrẹ́dì Ẹlẹ́yin fún Màmá?

                                        Ilé Olókè Kan,
                                        Ẹ̀yìn Ọsibítù.
                                        Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, ọmọ àǹtí mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Àǹtí ńkọ́? Ọ̀gá tó ń kọ́ ẹ níṣẹ́ aránṣọ ńkọ́, ṣé ó ti jẹ́ kó o jókòó nídìí ẹ̀rọ, àbí bọ́tìnnì lo ṣì ń rán mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́ẹ̀tì? Orúnkún tó ń dùn ẹ́ ńkọ́? Gbogbo wa níbí wà láàyè. Ara mi le, inú mi ni kò le. Jọ̀ọ́, wá ibi kan jókòó sí tí ọ̀gá ẹ kò ti ní rí ẹ, torí ọ̀rọ̀ yìí gùn, mi ò sì rí ẹlòmíì bá sọ ọ́.

Màá kúkú sọ ọ́ bó ṣe rí. Mò ń jowú. Ìyàwó bùrọ̀dá mi ni mò ń jowú. Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Ọ̀rẹ́ mi, tó o bá rí mi báyìí, egungun lásán ni.

O mọ̀ pé àárọ̀ Sátidé ni Màmá máa ń ti ibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì wọn dé, tí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ alẹ́ tán. Ẹsẹ̀ wọn á ti wú, ojú wọn á ti pọ́n. Láti ìgbà tó o ti lọ, búrẹ́dì ẹlẹ́yin ni mo fi máa ń pàdé wọn. O ò tíì jẹ ẹ́ rí, jẹ́ kí n sọ fún ẹ. Búrẹ́dì tó ti sùn ni wàá lò, èyí tó ti gan díẹ̀, torí tuntun á yọ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́ bí ìwé tó bọ́ sómi. Màá fọwọ́ ya á sínú páànù tí mo ti fi bọ́tà pa. Màá po ẹyin, mílíìkì, ṣúgà àti fàníla díẹ̀, màá dà á lé e lórí, màá fi àwo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí gbogbo ẹ̀ lè mu ún yó, ó di inú fíríìjì láti ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé. Tílẹ̀ bá mọ́, màá tì í sínú ààrò tó wà lábẹ́ sítóòfù gáàsì wa. Á wú, orí ẹ̀ á pọ́n, á máa dún ṣẹ́ṣẹ́ tó o bá fi ṣíbí kàn án, ṣùgbọ́n inú ẹ̀ á rọ̀ bí ìrọ̀rí.

Èmi àti Màmá nìkan la máa ń jẹ ẹ́, kí àwọn tó kù tó jí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń sọ ohun tójú wọn rí lẹ́nu iṣẹ́ fún mi: baba arúgbó tó ní òun fẹ́ gbé wọn sá lọ, ìyá ìbejì tó ń gégùn-ún fún ọkọ ẹ̀ lórí ìrọbí. A máa rẹ́rìn-ín débi pé a máa fọwọ́ bo ẹnu ara wa. Láwọn ọjọ́ tó kù, "ṣé o ti fọ abọ́?" àti "ìwé ẹ dà?" nìkan ni mò ń gbọ́ lẹ́nu wọn. Sátidé nìkan ni mo ní ìyá.

Ìyẹn ni mò ń gbádùn tí bùrọ̀dá mi fi gbé ìyàwó wálé.

Ilé ìdáná òtẹ́ẹ̀lì kan ló ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Kì í pariwo. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, síbẹ̀ torí pé àbúrò ọkọ ẹ̀ ni mí, "ẹ" ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀. "Ẹ káàárọ̀ o, Àǹtí mi. Ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ jẹ́ n bá yín fọ̀ ọ́." Ta ló máa bínú sí irú ẹni bẹ́ẹ̀? Èmi ni. Mo bínú gan-an.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo sùn jù, ìgbà tí màá fi dé ilé ìdáná, ó ti yan tiẹ̀. Ó fi ọ̀bẹ gé búrẹ́dì náà ní oníhà mẹ́rin-mẹ́rin bíi bíríkì, ó to ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ sáàárín ẹ̀. Màmá bu ṣíbí kan, wọ́n dìde dúró. Mo ní wọ́n dìde! "Háà, Ìyàwó mi, ọwọ́ ẹ mà dùn o!" Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe tèmi, "o ṣeun, ọmọ mi" ni, lórí ìjókòó.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n sọ Màmá di ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù wọn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní àwọn máa wá bá wọn yọ̀ ní Sátidé, ìyẹn àná. Màmá wo Ìyàwó, wọ́n ní, "Ìwọ lo máa bá mi ṣe búrẹ́dì ẹlẹ́yin yẹn fún wọn o." Mo wà níbẹ̀, mò ń ká aṣọ.

"Màmá, èmi ńkọ́?"

"Ìwọ á máa gbé omi fún wọn. Má bínú jàre, ọmọ mi, àlejò ni wọ́n."

Ṣé o gbọ́? Àlejò ni wọ́n! Màmá nìkan ni tèmi dáa fún, kò dáa fún àlejò. Bùrọ̀dá mi bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ wo ẹnu ẹ̀ bó ṣe yọ ṣonṣo! Màmá, ẹ gbé aṣọ yẹn wá ká sá a sórí ẹ̀!"

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé, mo po tèmi, mo gbé e lọ síbi fíríìjì. Ìyàwó rí i. "Àǹtí mi, kí ló dé tó fi di méjì?" Mo ní àlejò pọ̀. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó sì sún tiẹ̀ kí tèmi lè ráyè. Mo fẹ́ kó bínú. Kò bínú.

Ọ̀rẹ́ mi, àárín ààrò wa kò gbà ju páànù kan lọ. Ìsàlẹ̀ niná ẹ̀ wà, àárín gan-an lohun tó bá máa jiná dáadáa gbọ́dọ̀ dúró. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi ni mò ń lò ó. Ìyàwó ti gbé tiẹ̀ sáàárín. Bó ṣe wọ balùwẹ̀ báyìí, mo ṣí ààrò, mo ti tiẹ̀ sísàlẹ̀ pátápátá, mo gbé tèmi sókè ẹ̀. Mi ò rò ó pé páànù tiẹ̀ á dí iná mọ́ tèmi. Nígbà tóòórùn jíjó gba ilé, ìdí tiẹ̀ ti dúdú bí èédú. Orí tèmi pọ́n, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ẹ̀ ń ṣomi. Bẹ́ẹ̀ la ti ń gbọ́ ohùn àwọn nọ́ọ̀sì lẹ́nu géètì.

Ìyàwó sáré jáde, táwẹ́ẹ̀lì lórí. "Ta ló gbé e sísàlẹ̀?"

Mo wo sítóòfù, sítóòfù wò mí.

Ó wojú mi, ó mí kanlẹ̀, ó fa páànù tó mọ́ yọ. "Ẹ mú ṣíbí, Àǹtí mi. Ẹ máa bu orí tiyín, èmi náà á bu orí tèmi. Ẹ má kan ìdí ẹ̀ o." A pa méjèèjì pọ̀, a wọ́n ṣúgà sí i, ó tún padà sáàárín ààrò. Ọwọ́ wa ń kan ara wa.

Nígbà tí wọ́n jẹ ẹ́, igbe ayọ̀ sọ. Ẹnì kan béèrè pé ta ló ṣe é. Ìyàwó ní, "Àǹtí mi ni o. Èmi kàn ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ilẹ̀ kò lanu gbé mi mì. Ṣé kì í ṣe ìyà nìyẹn, kéèyàn tún ṣe rere jù mí lọ lórí ohun tí mo bà jẹ́!

Ibẹ̀ ni mo ti ṣàkíyèsí ṣíbí Màmá. Wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn ń gbá àwọn oníhà mẹ́rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, àwọn tí mo fọwọ́ ya ni wọ́n ń ṣà jẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ayọ̀ fẹ́ pa mí. Mo wá bojú wo Ìyàwó. Òun náà ti rí i. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu ẹ̀, ṣùgbọ́n kò dójú mọ́. Mo mọ ojú yẹn. Òun ni mò ń bá nínú dígí láràárọ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé kò ní ìyá kankan nínú ilé yìí ju tèmi lọ.

Mi ò mọ ohun tó sún mi. Mo mú ṣíbí, mo bu oníhà mẹ́rin kan sínú àwo Màmá. "Màmá, ẹ tọ́ eléyìí wò. Ìyàwó ló ṣe é. Tiẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ jẹ, èmi ni mo tì í sórí iná tó fi jó."

Màmá wò mí, wọ́n wo Ìyàwó, wọ́n jẹ ẹ́. "Ó dùn," ni wọ́n wí. Wọ́n tún jẹ òmíràn. "Sátidé tó ń bọ̀, ẹ̀yin méjèèjì ni kẹ́ ẹ dúró dè mí."

Ìyàwó di ọwọ́ mi mú lábẹ́ tábìlì. Mo jẹ́ kó dì í mú, ṣùgbọ́n owú tún ti gbé mi. Mo ti fi ìdajì ìyá mi tọrẹ lójú àlejò, mi ò sì lè gbà á padà mọ́.

Bá mi kí Àǹtí, bá mi kí ọ̀gá ẹ tínú ẹ̀ bá dùn. Mo gbọ́ pé ọmọ iṣẹ́ tuntun kan ti dé, ẹ sì jọ ń sùn lórí ibùsùn kan. Jọ̀ọ́, fèsì kíákíá, kó o sọ fún mi pé ó máa ń hanrun.

Èmi ni tìrẹ, ìwọ náà sì ni tèmi nìkan,
Ẹnu-Ṣonṣo.