Ìdọ̀bálẹ̀ Mi ní Bódìjà àti Fóònù Tó Jẹ Gààrí

Ẹ̀yìn Ọjà Agbowó,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ Kẹrìnlélógún, Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Mánsúrù, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àwọn àbúrò rẹ ńkọ́? Ṣé òjò Ṣakí ti jẹ́ kí ẹ ráyè hú ẹ̀pà? Ara èmi náà le, iṣẹ́ fèrèsé tí mò ń ṣe ní Mọ́kọ́lá sì ń lọ dáadáa. Fóònù mi nìkan ni ara rẹ̀ kò yá, òun ló sì fà á tí mo fi ń kọ lẹ́tà sí ọ bí ẹni pé ayé àwọn bàbá wa la ṣì wà.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ. O pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ohùn àgbàlagbà kan dáhùn pé, "Hẹ̀n-ẹ́n, ìwọ gan-an nìyẹn," o sì yára pa á. Láti ìgbà náà, o ń pè mí, kò wọlé. Bàbá Moróunkẹ́ àfẹ́sọ́nà mi lo bá sọ̀rọ̀. Fara balẹ̀ kí n ṣàlàyé.

O rántí pé òjò pa fóònù mi ní Òjòó, tí o ní kí n tì í bọ inú ìrẹsì kó lè fa omi ara rẹ̀. Mi ò ní ìrẹsì nílé. Gààrí ni mo ní, mo sì rò ó pé gààrí gbẹ ju ìrẹsì lọ. Moróunkẹ́ ní kí n má dán an wò. Mo ní ṣé òun ló bí gààrí ni. Mo rì í mọ́ inú ike gààrí títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìwọ náà mọ ohun tí gààrí máa ń ṣe tó bá rí omi. Ó wú. Ó wọ abẹ́ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń gbé ohùn sókè, ó sì dì síbẹ̀ bí ẹ̀bà àná.

Bí fóònù ṣe ya wèrè nìyẹn. Ohùn rẹ̀ kò ṣeé mú wálẹ̀ mọ́, òkè téńté ló ń wà. Ojú rẹ̀ ń tẹ ara rẹ̀: màá gbé e kalẹ̀, màá máa wò ó, yóò ṣí Wọ́sáàpù fúnra rẹ̀, yóò yẹ àwòrán wò, yóò jáde. Ó pe ọ̀gá mi nígbà tí mò ń wẹ̀ lọ́wọ́, ọ̀gá sì gbọ́ gbogbo orin tí mo kọ. Èyí tó burú jù ni gbígbọ̀n. Ẹnikẹ́ni ò pè mí, fóònù á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Mo wọ inú sẹ́tìn rẹ̀, mo ní kó yéé gbọ̀n. Ó gbọ̀n láti fi yé mi pé òun ti gbọ́. Mo fẹ́ pa á kí n sì tún un tàn, bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa á náà ti yó fún gààrí. Moróunkẹ́ ní kí n gbé e lọ fún àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Dùgbẹ̀. Mo ní èmi tí mò ń tú odidi fèrèsé palẹ̀, kí ni fóònù? Mo fi abẹ́rẹ́ yọ gààrí díẹ̀, mo sì ti ìyókù wọnú sí i.

Ọjọ́ Àìkú yẹn gan-an ni Díákónì Ikúbọlájẹ́, bàbá Moróunkẹ́, ní kí n wá kí òun fojú rí mi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń wo ènìyàn nílé yẹn. Ẹni tó wá ṣáájú mi, wọn ò jẹ́ kó padà wá mọ́. Tí wọ́n bá kọ̀ mí, ó parí nìyẹn, nítorí Moróunkẹ́ ò ní fẹ́ ẹni tí bàbá rẹ̀ ò fẹ́. Ǹ bá fi fóònù sílé, àmọ́ Moróunkẹ́ ló máa júwe ọ̀nà fún mi, gbogbo géètì Bódìjà ló sì jọra wọn. Mo fi áńkáṣíìfù wé e, mo sọ ọ́ sí àpò àyà bùbá mi.

Mo wọlé, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí a ṣe ń ṣe é nílé wa, tí àyà á kan ilẹ̀. Bàbá ò ní kí n dìde. Wọ́n ń bi mí pé ọmọ ta ni mí, agbo ilé wo, mo sì ń dáhùn látilẹ̀. Ibẹ̀ ni fóònù ti bẹ̀rẹ̀. Táìlì ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀, ó wá ń dún gùrùrù lábẹ́ mi bí ẹ̀rọ ìlọta.

Ìyá Moróunkẹ́ ní, "Ẹ gbọ́, ṣé ebi ń pa ọmọ yìí ni?"

Mo ní, "Rárá, mà. Fóònù mi ni."

Bàbá ní, "Pa á."

Mo ní, "Kì í kú, sà."

Mo fẹ́ yí ẹ̀gbẹ́ kí n fà á yọ, mo tún fi àyà tẹ̀ ẹ́. Mánsúrù, ohùn rẹ ló jáde, èyí tí o gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀. Gbogbo pálọ̀ gbọ́ ọ: "Láyí, tí bàbá yẹn bá bi ọ́ níbi tó o kàwé dé, ṣáà sọ pé Pọ́lì lo lọ jàre. Ta ló fẹ́ lọ wádìí?" Kí n tó mí, èsì tí mo fún ọ tẹ̀ lé e, ohùn èmi fúnra mi: "Mi ò ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ilé ìwé abúlé ni mo lọ, ibẹ̀ náà ni mo parí sí. Wọ́n ní bàbá náà le bí ẹran òbúkọ tí wọn ò sè jinná. Kó máa le lọ. Moróunkẹ́ ni mo fẹ́. Tó bá lé mi lónìí, màá padà wá lọ́la, àfi tó bá kó kúrò ní Bódìjà."

Ìgbà yẹn ni fóònù tó wá dákẹ́.

Bàbá ní, "Ta ló le bí ẹran òbúkọ?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ má bínú."

Moróunkẹ́ fi ìrọ̀rí bojú.

"Ta ni ọ̀rẹ́ tó ń kọ́ ọ nírọ́ yẹn?"

"Ọ̀rẹ́ mi ni, sà."

"Mo ní kí lorúkọ rẹ̀?"

"Mi ò ní lè dárúkọ rẹ̀, sà."

"Bí o ò bá dárúkọ rẹ̀, dìde kí o máa lọ sílé yín. Mi ò ní ọmọ tí mo fẹ́ fún ọ."

Mo wo Moróunkẹ́, mo tún wo ilẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà ń wá mi kiri láti lù, tí wọ́n bi ọ́ níbi tí mo sá sí, wọ́n lù ọ́ tán, o ò sọ. Mo dìde, mo kí wọn pé ó dàbọ̀. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ láti wọ bàtà, fóònù gbọ̀n jáde kúrò lápò, ó bọ́ síwájú bàbá. Ojú rẹ̀ tó ti ń ṣú látàárọ̀ wá mọ́ kedere: MÁNSÚRÙ ṢAKÍ, pẹ̀lú àwòrán rẹ níbi tí o ti ń ya àgbàdo jẹ. Kí n tó nawọ́, ó ti gbé ìpè náà fúnra rẹ̀. Ohun tí bàbá sọ, ìwọ náà gbọ́ ọ.

Ìyá Moróunkẹ́ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rín in títí wọ́n fi di àga mú. Wọ́n ní, "Bàbá Moróunkẹ́, ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ wá sílé bàbá tèmi, ta ló ni mọ́tò tí ẹ ní tiyín ni?"

Bàbá ní, "Ìyẹn yàtọ̀."

"Kí ló fi yàtọ̀? Ṣebí ojú wa ni ọ̀gá yín ṣe wá gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀."

Bàbá wúkọ́, wọ́n wo òkè àjà. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n jókòó, kí wọ́n bu oúnjẹ fún mi kí ikùn mi lè yéé dún.

Wọn ò tíì gbà o. Wọ́n ní àwọn rí i pé èmi kọ́ ni mo tú ọ̀rẹ́ mi fó, fóònù ló tú u fó. Ṣùgbọ́n àwọn ò ní gba ẹbí mi lálejò àfi kí ẹni tó ní kí n purọ́ kọ́kọ́ wá dọ̀bálẹ̀ níwájú àwọn, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tí òun náà kàwé dé. Sátidé yìí ni wọ́n dá.

Mo gbé fóònù lọ sí Dùgbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Islamiat tó ń tún un ṣe tú ẹ̀yìn rẹ̀, ó pe gbogbo àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wá wò ó. Ó ní òun máa pààrọ̀ ojú rẹ̀, òun máa pààrọ̀ bọ́tìnnì, òun máa pààrọ̀ ohun tó ń mú un gbọ̀n náà. Ó wá bi mí bóyá kí òun bù ṣúgà sí i. Kò ní tíì ṣetán títí Sátidé, ìdí nìyẹn tí mo fi fún dírẹ́bà Ṣakí ní lẹ́tà yìí ní Òjòó.

Tí o bá ti kírun Jímọ̀ọ̀ tán, wọ mọ́tò. Òjòó ni màá ti dúró dè ọ́. Mo ti sọ fún wọn pé o máa wá. Mi ò bi ọ́ kí n tó sọ ọ́, mi ò sì ní bi ọ́ báyìí.

Bá mi kí Ìyá àti àwọn àbúrò rẹ. Moróunkẹ́ ní kí n kí ọ. Ó ní o lẹ́nu.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò dárúkọ rẹ,

Láyí Àkànó.