Obì Tí A Fi Ṣe Àlejò ní Láàbù Ìkẹ́nnẹ́

Ilé Àǹtí Sàdíátù,
Makun, Ṣàgámù.
Ọjọ́ Àìkú, ogúnjọ́ oṣù kẹfà, 1982.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlékún. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn yìí. Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Ṣé ẹ̀rọ ìránṣọ yín kò já òwú mọ́ bó ṣe máa ń ṣe nígbà òjò? Ní tèmi, ara mi le, mo ń jẹun dáadáa, Àǹtí Sàdíátù sì ń tọ́jú mi bí ọmọ tó bí. Ó ní kí n kí yín, pé ẹ̀gbọ́n òun tó bí mi ìbá yọ̀ bó bá rí i bí mo ṣe ga tó. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín ní àlàáfíà ní Òkéhò.

Bàbá, ẹ bi mí nínú lẹ́tà yín bóyá kí ẹ wá mú mi padà sílé ní ìparí sáà yìí. Èmi náà ni mo kọ́kọ́ bẹ̀ yín bẹ́ẹ̀ ní oṣù kejì, mo sì mọ̀ pé ó dùn yín. Kì í ṣe àìbìkítà ni kò jẹ́ kí n tètè dáhùn. Ìdáhùn náà kò sí lọ́wọ́ mi nígbà yẹn, ọwọ́ ìjọba ló wà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ìjọba ṣe wọ ọ̀rọ̀ èmi àti ẹ̀yin.

Ẹ mọ̀ pé nítorí ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì lẹ ṣe jẹ́ kí n wá síbí. Nígbà tí mo dé Makun, mo rí i pé tíṣà wà, ṣùgbọ́n láàbù kò sí. Ilé-ẹ̀kọ́ tuntun ni tiwa. Wọ́n kọ LÁÀBÙ gàdàgbà sí ẹnu ilẹ̀kùn yàrá kan, ṣùgbọ́n àga tó ti kán lẹ́sẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń sọ èdè Rẹ́mọ kíákíá bí ẹni tí òjò ń lé. Kí n tó gbọ́ ìdajì, wọ́n ti rẹ́rìn-ín tán. Bí èmi náà bá lanu, wọ́n á ní, “Ará Òkè, tún un sọ, tún un sọ!” Mo wá rí i pé dídákẹ́ ló rọ̀ mí lọ́rùn. Tí ènìyàn bá sì ti ń dákẹ́, ojú rẹ̀ á máa ṣiṣẹ́ fún ẹnu rẹ̀.

Ní ọdún tó kọjá, ìjọba ìpínlẹ̀ yìí gbé owó kan kalẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ méjì-méjì tí wọ́n bá fọwọ́sowọ́pọ̀ láti mú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò dára sí i. Èyí tó ní láàbù yóò ṣílẹ̀kùn fún èyí tí kò ní. Èyí tó ní tíṣà ìṣirò yóò yá èkejì. Wọ́n so wá pọ̀ mọ́ ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́ kan tí ìjọ dá sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Àwọn ní láàbù. Àwa ní Tíṣà Dúrótìmí, ẹni tó lè ṣàlàyé ìṣirò títí olódo yóò fi rò pé òun lòun ṣe é fúnra òun. Owó náà ra òṣùwọ̀n tuntun, ó ra aṣọ funfun tí a ń wọ̀ bo yunifọ́ọ̀mù, òun náà la sì fi ń háyà bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa lọ sí Ìkẹ́nnẹ́ ní gbogbo Sátidé.

Ṣùgbọ́n ìjọba fi ọ̀rọ̀ kan dè é. Lópin ọdún kìíní, àwọn alábẹ̀wò yóò wá láti Abẹ́òkúta. Bí wọ́n bá rí i pé ńṣe ni ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì kàn pín owó jẹ, tí àwọn ọmọ kò ṣiṣẹ́ pọ̀, owó yóò dúró. Bí owó bá dúró, bọ́ọ̀sì dúró, ilẹ̀kùn láàbù di títì, kò sì sí bí èmi yóò ṣe ṣe ìdánwò físíìsì àti kẹ́místìrì lọ́dún tó ń bọ̀. Tí kò bá sì sí ìyẹn, kí ni mò ń wá ní Ṣàgámù tí n kò lè máa wá ní Òkéhò lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín?

Ká má parọ́, Bàbá, a kò ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan láàbù ni wọ́n ń dúró, àwa a dúró ní ẹ̀gbẹ́ kejì, bí ẹbí ọkọ àti ẹbí ìyàwó tí ọ̀rọ̀ kò wọ̀ láàárín wọn. Wọ́n pín mi mọ́ Ṣìkẹ́mi Afọláyan, ọmọ olùkọ́ àgbà kan níbẹ̀. Ó ga, ó mọ̀wé, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀wé. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ó nu òṣùwọ̀n náà bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun, ó ní, “Makun, ìwọ ṣáà máa kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Èmi ni n ó máa wọn nǹkan. Ẹ̀yin ẹ máa ń fọ́ nǹkan.” N kò fọ́ nǹkan kan rí nínú láàbù yẹn. Ṣùgbọ́n n kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ń kọ nọ́ńbà.

Iṣẹ́ tí Tíṣà Dúrótìmí fún èmi àti òun ni pé kí a wádìí ọ̀nà tí gbànja fi lè pẹ́ jù lọ láìbàjẹ́. Ó ní sáyẹ́ǹsì tí kò bá lè wọ ọjà obì ní Ṣàgámù, kó máa jókòó sínú ìwé. Àǹtí Sàdíátù, tó ń ta gbànja, ló fún wa ní obì náà. A fi ewé gbòdògì tútù wé apá kan sínú agbọ̀n, a sì ń pààrọ̀ ewé rẹ̀ bí àwọn olóbì ṣe ń ṣe. A di apá kan sínú láílọ́ọ̀nù, a so ẹnu rẹ̀ pinpin. A fi apá tó kù sílẹ̀ lórí àwo láìbò ó. A fi íńkì kọ nọ́ńbà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣìkẹ́mi a wọ̀n ọ́n, èmi a kọ ọ́, a ó sì fi àmì sí gíráàfù ńlá tó wà lára ògiri. Ìlà ti orí àwo ń já wálẹ̀ bí ẹni ń sọ̀kalẹ̀ òkè, nítorí obì náà ń gbẹ. Ìlà ti inú ewé àti ti inú láílọ́ọ̀nù ń rìn pọ̀ ní tiwọn bí ìbejì. Ṣìkẹ́mi ní ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n mo rí i pé inú láílọ́ọ̀nù náà ń làágùn, mo sì rí àmì dúdú wínníwínní lára obì inú rẹ̀. Ó wà lórí ahọ́n mi láti sọ ọ́. Mo gbé e mì.

Àwọn alábẹ̀wò dé sí Ìkẹ́nnẹ́ ní Ọjọ́bọ̀ kan níbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí, bọ́ọ̀sì sì gbé àwa náà lọ pàdé wọn. Ìyáàfin Oyèbọ̀dé ni olórí wọn, obìnrin onígíláàsì tí kì í tètè rẹ́rìn-ín. Ètò wa ni pé kí a wọn obì náà níṣojú wọn, kí a fi àmì tó kẹ́yìn sí gíráàfù, kí iṣẹ́ sì parí. Àwọn òbí gbà wọ́n lálejò ní gbọ̀ngàn, nígbà tí àwa ọmọ tò síta tí a ń kọrin káàbọ̀.

Màmá Ojúọlá, àgbà nínú ẹgbẹ́ òbí ní Ìkẹ́nnẹ́, ṣàkíyèsí pé wọ́n gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti bisikíìtì síwájú àlejò, kò sí obì. Ní Rẹ́mọ, Bàbá! Níbi tí igi obì wà lẹ́yìnkùlé gbogbo ilé! Ẹ̀yin náà mọ bí ìyẹn yóò ṣe rí lára àgbàlagbà. Màmá dìde, wọ́n wá obì kiri ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n yọjú sí láàbù, wọ́n sì rí gbànja nínú agbọ̀n, wọ́n rí òmíràn nínú láílọ́ọ̀nù. Wọ́n fọ gbogbo rẹ̀ nù dáadáa, nọ́ńbà bá omi lọ. Wọ́n kó wọn pọ̀ sórí àwo kan, wọ́n gbé e lọ fún àlejò. Èyí tó ti gbẹ tó súnkì nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa. Wọ́n fi obì náà gbàdúrà fún ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì, wọ́n là á, wọ́n jẹ ẹ́.

Nígbà tí gbogbo wọn wọ láàbù, Ṣìkẹ́mi ṣí agbọ̀n pẹ̀lú ẹ̀rín, ẹ̀rín náà sì kú sí i lẹ́nu. “Yéè! Ta ló kó obì wa?”

“Obì wo?” ni Màmá Ojúọlá dáhùn láti ẹnu ọ̀nà. “Èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ yẹn ńkọ́? Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ta ní í fi obì pamọ́ nígbà tí àlejò wà nílé? Ìyá yín kò kọ́ yín ni?”

 Ọ̀kan nínú àwọn alábẹ̀wò ṣì ń jẹ obì lẹ́nu. Mo rí i bí àgbọ̀n rẹ̀ ṣe dúró. Tíṣà Dúrótìmí fọwọ́ bojú. Mo wo gíráàfù lára ògiri, mo rí ibi tí àmì tó kẹ́yìn kò sí, mo sì rò ó pé owó náà lọ nìyẹn, Òkéhò ti yá. Ṣìkẹ́mi rọra sún mọ́ mi, ó sọ ọ́ sí mi létí pé, “Fi àmì sí i. A mọ ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Yọ díẹ̀ kúrò. Ta ló máa mọ̀?” Gègé wà lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ mi kò gbéra.

Ìyáàfin Oyèbọ̀dé ní, “Kí lẹ̀yin méjèèjì ń sọ?”

Bàbá, n kò mọ ibi tí ohùn mi ti jáde. Mo ní, “Mà, a kò lè wọ̀n ọ́n mọ́, mà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n da àwo obì yẹn nù.” Èdè ilé wa ni mo fi sọ ọ́, wéré báyìí, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Wọ́n gbé àwo náà wá. Mo ti rí i nígbà tí wọ́n ń gbé e jáde kọjá lọ́dọ̀ wa níta, kí n tó mọ̀ pé obì wa ni, pé ohun tó kù lórí rẹ̀ kì í ṣe obì tí kò rí ẹni jẹ ẹ́. Àwọn èyí tí wọ́n gé jẹ tí wọ́n gbé padà sílẹ̀ ni. Mo yí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn rọ̀ lábẹ́ ìka, gbogbo wọn ló ní àmì dúdú. Ti inú láílọ́ọ̀nù ni. Ti inú ewé kò ku ẹyọ kan. Mo ní, “Ẹ̀yin fúnra yín lẹ yàn án, mà. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún yín èyí tó jẹ́ ti inú ewé.” Ìyáàfin náà yíjú sí alábẹ̀wò tó ń jẹ obì, ó bi í ìdí tó fi gbé ti àkọ́kọ́ sílẹ̀. Ó ní, “Ó ń rùn bí àpótí tí a kò ṣí láti ọdún mélòó kan. Ojú àwọn àgbà ló ń tì mí tí n kò fi tu ú dànù.” Màmá Ojúọlá kọjú sí i, wọ́n ní, “Ìwọ ọmọ yìí, o kò sì sọ!” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

“Ó dára,” ni Ìyáàfin Oyèbọ̀dé wí, “ṣé kí a wá fi àmì sí gíráàfù yín?” Mo ní rárá, mà. Mo ní òṣùwọ̀n kò sọ ìyàtọ̀ ewé àti láílọ́ọ̀nù fún wa rí, ẹnu ló sọ ọ́. Kí a kọ ohun tí ẹnu sọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí a fi ibi nọ́ńbà sílẹ̀ ní òfìfo, nítorí a kò wọ̀n ọ́n. Ti orí àwo nìkan ló kù tí a lè wọ̀n.  Ṣìkẹ́mi gba gègé lọ́wọ́ mi, ó sì ti òṣùwọ̀n náà síwájú mi. Ó ní, “Ìwọ wọ̀n ọ́n. Èmi ni n ó kọ ọ́.”

Mo wọ̀n ọ́n. N kò fọ́ nǹkan kan. Bí a ṣe parí, Ìyáàfin Oyèbọ̀dé nàka sí èmi nínú aṣọ funfun mi, ó ní, “Ìwọ ni ti Ìkẹ́nnẹ́, àbí?” Ṣìkẹ́mi ló sì pè ní ọmọ Makun. Kí n tó ṣe àtúnṣe, Ṣìkẹ́mi ti dáhùn: “Bẹ́ẹ̀ ni, mà.” Ìyáàfin náà rí ẹ̀rín tí a ń pa mọ́ra, ó wo èmi, ó wo òun, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ìròyìn dé láti Abẹ́òkúta lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá yìí. Ìjọba yóò san owó ọdún kejì. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé kí a tún iṣẹ́ obì náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, kí a sì fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn láàbù. Tíṣà Dúrótìmí ní kò sí ohun tó burú. Ilé-ẹ̀kọ́ méjì tó ti jọ fi obì gbàdúrà ti di ọ̀rẹ́ nìyẹn, ìwé àdéhùn ìjọba kàn tẹ̀ lé e ni.

Nítorí náà, Bàbá mi, ẹ má wá mú mi. N kò sọ pé àárò ilé kò sọ mí mọ́. Bí mo bá gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ní ìsọ̀ ẹnìkan ní Makun, mo ṣì máa ń dúró gbọ́ ọ títí yóò fi dákẹ́. Ṣìkẹ́mi ṣì ń pè mí ní Makun, ṣùgbọ́n Sátidé àná ó fi àyè sílẹ̀ fún mi lórí àga rẹ̀ kí n tó dé. Mo rò pé mo lè fi ìyẹn dúró di ọdún tó ń bọ̀.

Kí Ọlọ́run fún ẹ̀yìn yín lókun, kí abẹ́rẹ́ má ṣe gún yín lọ́wọ́, kí aṣọ tí ẹ ń rán fún àwọn ènìyàn máa mú ire wọlé fún yín. Ẹ óò jẹ èrè iṣẹ́ yín lórí mi, ẹ óò sì pẹ́ jẹ ẹ́.

Èmi ni ọmọ yín tí kì í sọ̀rọ̀, tó wá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan,
Wúlẹ̀mọ̀tù.

Àfikún: Ẹ wá kí mi o, nígbà tí ẹ̀yìn yín bá gbà á. Ṣìkẹ́mi fẹ́ mọ̀ yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí obì nínú ilé yìí, kódà bí Àǹtí bá gbé e fún yín lórí àwo, ẹ kọ́kọ́ bi mí kí ẹ tó jẹ ẹ́. A ti tún bẹ̀rẹ̀.