Bàbá Oníyìnyín àti Ogun Orí Tábìlì Wọn

Ẹ̀yin ẹbí, ará àdúgbò àti ọ̀rẹ́ tí ẹ fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ wá bá wa péjọ lónìí, ẹ jókòó kí ara tù yín, nítorí Bàbá wa kì í fẹ́ kí èèyàn dúró gbọ́ ìtàn. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1948 ni wọ́n dé ilé ayé, nínú yàrá ẹ̀yìn ilé alájà méjì kan tó dojú kọ ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Akọ̀wé tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì níbùdó náà ni bàbá tó bí wọn. Ìyá wọn ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn. Ọmọkùnrin méjì péré ni ìyá náà bí, Bàbá wa sì ni àbíkẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n wọn, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Sájẹ́ńtì, fi ọdún márùn-ún jù wọ́n lọ. Wọ́n wà lórí àga iwájú lónìí, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún wa pé kí a má fa ọ̀rọ̀ gùn.

Ní ọdún 1954, Bàbá bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìwé èsì ìdánwò wọn ṣì wà lọ́wọ́ wa, a ò sì ní tìtorí pé wọ́n ti sùn kí a wá purọ́ mọ́ wọn. Ìṣirò wọn kò fi bẹ́ẹ̀ dán mọ́rán. Ìwé kíkà wọn ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Níwájú iṣẹ́ ọwọ́, olùkọ́ wọn kọ ọ́ pé, ọmọ yìí ti bá mi tún àga mi ṣe, ó sì dúró dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọwọ́ yẹn náà ló bá wọn wá iṣẹ́. Ní ọdún 1966 ni wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ eyín àtọwọ́dá ní ilé ìwòsàn tí ìyá wọn ti ń fọṣọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ṣiṣẹ́ fún ogójì ọdún, nínú yàrá kékeré kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ. Gbogbo ara tábìlì funfun fún ìyẹ̀fun pí-ó-pì, ẹfun tí wọ́n fi ń mọ àwòrán ẹnu. Àwòrán ẹnu àwọn aláìsàn tò sórí pákó lára ògiri, nọ́ńbà wà lábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan. Bí Bàbá bá pàdé èèyàn lójú títì, wọ́n lè gbàgbé orúkọ onítọ̀hún, ṣùgbọ́n wọn kì í gbàgbé eyín rẹ̀.

Eyín náà ló mú ìyàwó wálé. Ní ọdún 1972, ọ̀dọ́mọbìnrin aránṣọ kan gbé eyín ìyá rẹ̀ tó dá sí méjì wá fún àtúnṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Bàbá ní kó padà wá, wọ́n ní ó kù díẹ̀ kó jọra. Ìyá wa ń sọ títí di òní pé láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni eyín yẹn ti dára. Wọ́n ṣègbéyàwó ní ọdún 1973, Ọlọ́run sì fi ọmọ mẹ́ta jíǹkí wọn.

A gbọ́dọ̀ padà sẹ́yìn díẹ̀ nítorí Sájẹ́ńtì. Ní ọdún 1966, wọ́n kó ẹgbẹ́ ọmọ ogun wọn lọ sórí òkè kan lókèèrè, níbi tí yìnyín ti ń rọ̀ sílẹ̀ bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n padà, ọwọ́ pé, ẹsẹ̀ pé. Ìyá wọn bi wọ́n léèrè ohun tí ojú wọn rí níbẹ̀. Wọ́n dáhùn pé yìnyín ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ó parí. Wọ́n di afìwéránṣẹ́, wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn láti ilé dé ilé, wọn ò sì sọ tiwọn. Bí ẹnikẹ́ni bá ti mẹ́nu ba ogun níbi oúnjẹ, Sájẹ́ńtì á dìde, wọ́n á ní àwọn fẹ́ lọ wò ó bóyá ẹ̀rọ omi ń jò. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ẹ̀rọ omi ilé wa kò jò rí.

Nígbà tí ìyá wọn fẹ́ lọ ní ọdún 1979, Bàbá wa ni wọ́n pè sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Wọ́n ní, "Ẹrù tó wà lọ́kàn ẹ̀gbọ́n rẹ yẹn, má jẹ́ kó dá gbé e."

Bàbá kì í ṣe ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ. Ohun tí ẹlòmíràn máa fi ẹnu béèrè, ọwọ́ ni tiwọn máa fi béèrè. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ìsìnkú, wọ́n gbé páálí kan wálé tí àwọn ọmọ ogun oníke wà nínú rẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan kò ga ju ọmọńdinrín lọ. Àwa ọmọ ti ń dúpẹ́, a rò pé tiwa ni. Àṣé Bàbá fẹ́ kọ́ òkè tí ẹ̀gbọ́n wọn lọ ni, lórí pátákó tó fẹ̀ tó àtẹ búrẹ́dì. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé bí ibẹ̀ bá jọ ibẹ̀ lóòótọ́, Sájẹ́ńtì á sọ ohun tí ojú wọn rí. Wàhálà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Bàbá wa kò fojú kan irú yìnyín yẹn rí láyé wọn, kò sì sí ẹnì kankan ní òpópónà wa tó rí i rí, àyàfi ẹni tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ní ọdún 1980, òwú ni wọ́n fi ṣe é, torí pé ohun tí ẹnu gbogbo ayé ń sọ nìyẹn. Sájẹ́ńtì tẹ̀ síwájú, wọ́n ká ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n ní, "Òwú," wọ́n sì gba ilé wọn lọ. Ní 1983, ìyẹ̀fun búrẹ́dì ni. Kí Sájẹ́ńtì tó dé, ẹ̀ẹ̀rá ti gbógun ti òkè náà láti apá ọ̀tún, wọ́n ti kó ìdajì rẹ̀ lọ. Sájẹ́ńtì wò ó, wọ́n ní, "Ìyẹ̀fun." Wọ́n tún wò ó, wọ́n ní, "Ẹ̀ẹ̀rá." Ní 1987, Bàbá fi iyọ̀ ṣe é. Ó dára fún ọ̀sẹ̀ méjì, àfi bí òjò ṣe bẹ̀rẹ̀, tí iyọ̀ fa omi mọ́ra, tí ọkọ̀ ogun rì sínú ẹrẹ̀ dé ọrùn. Ẹ ti mọ ohun tí Sájẹ́ńtì sọ. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin láàárín ọdún méje! Ìyá wa ní ara ògiri á ti dáhùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá kò juwọ́ sílẹ̀. Wọ́n ra awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, wọ́n sì ń ki orí bọ fìríìsà lọ wo yìnyín tó gan mọ́ ara rẹ̀. Bí a bá ń wá wọn nílé, a máa kọ́kọ́ wo ìdí fìríìsà. Ẹja Ìyá wa yọ́ títí ó sú wọn. Ìgò lọ́fíńdà Ìyá kan sọnù, ẹ̀yìn ìgbà náà ni a rí i lọ́wọ́ Bàbá, omi àti gọ́ọ̀mù funfun ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ń fín in sórí òkè. Ṣùgbọ́n fìríìsà ló kọ́ wọn pé yìnyín kì í funfun báláú: ibi tó bá ti jìn, ó máa ń fẹ́ rí bí omi aró. Wọ́n bá ọ̀gbẹ́ni kan tó ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe sọ̀rọ̀, ìyẹn fún wọn ní ìyẹ̀fun gíláàsì tó kúná ju àtíkè lọ. Wọ́n fi aṣọ di imú, wọ́n lé gbogbo wa jáde, wọ́n pò ó mọ́ gọ́ọ̀mù àti ẹ̀kán ọ̀dà aró kan. Wọ́n fi ṣíbí tẹ́ ẹ nípọn sínú kòtò, wọ́n sì ṣe é fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí òrùlé àhéré kékeré tí wọ́n kọ́ síbẹ̀. Níkẹyìn, wọ́n gbé asẹ́ tíì sókè, wọ́n sì jẹ́ kí gbígbẹ rẹ̀ máa rọ̀ wálẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù kẹfà ọdún 1994 ni Sájẹ́ńtì yà wá gba àkàbà. Wọ́n bá ogun kẹrin lórí tábìlì pálọ̀: ọmọ ogun mọ́kànlá lẹ́bàá àhéré kan, àwọn kan dúró, ọ̀kan jókòó ti ìkòkò. Yìnyín wà lórí òrùlé àti lórí àpò wọn. Ó wà lórí fìlà, lórí imú àti lórí ìpéǹpéjú gbogbo wọn, nítorí asẹ́ Bàbá kò yọ ẹnì kankan sílẹ̀. Sájẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Wọn ò tètè nàró. Ìyá wa sọ pé àwọn kà dé ọgọ́rùn-ún lọ́kàn.

"Àbúrò," ni Sájẹ́ńtì wí, "gbogbo wọn ti kú."

Bàbá rọra béèrè ohun tó fà á.

"Yìnyín kì í dúró lójú ẹni tó ṣì ń mí. Ó máa ń yọ́ ni. Tó o bá rí i tó dúró síbẹ̀, onítọ̀hún ti lọ nìyẹn."

Bàbá kò bá wọn jiyàn. Wọ́n mú búrọ́ọ̀ṣì tíńtín tí wọ́n fi ń nu eyín níbi iṣẹ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá yìnyín kúrò lójú àwọn ọmọ ogun náà lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí èyí tí wọ́n kù kẹ́yìn kò tíì gan. Ẹni àkọ́kọ́ yè, ìkejì yè, títí dé ẹnì kẹwàá. Nígbà tó ku ẹni tó jókòó ti ìkòkò, Sájẹ́ńtì di ọwọ́ Bàbá mú.

"Fi tiẹ̀ sílẹ̀. Alásè wa nìyẹn."

Sájẹ́ńtì jókòó, wọ́n sì sọ ọ́. Ibà dá Sájẹ́ńtì dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ kan, alásè náà sì bá wọn gba ìṣọ́ ìdájí, ó ní kí wọ́n sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n bá a níjòókòó, ìbọn wà lórí eékún rẹ̀, yìnyín wà lórí ìpéǹpéjú rẹ̀, kò sì yọ́. Sájẹ́ńtì ní àwọn ló yẹ kó jókòó síbẹ̀. Bàbá wa sunkún, àwa náà sunkún, a ò sì fi bò. Lẹ́yìn náà ni Sájẹ́ńtì ń sọ bí alásè náà ṣe fi ìbọ̀sẹ̀ ọ̀gá wọn sẹ́ tíì, tí ọ̀gá mu ún, tó ní kó bu òmíràn wá. Àwọn tó ń sunkún ló tún ń di ikùn mú rẹ́rìn-ín. Àkàbà sun ilé wa lọ́jọ́ náà.

Ní ọdún 1995, àwọn méjèèjì wọ ọkọ̀ ojú irin, wọ́n gbé òkè náà lé itan, ó di ọ̀dọ̀ àbúrò obìnrin tí alásè náà fi sílẹ̀. Ẹ̀rù ba Sájẹ́ńtì débi pé Bàbá ló kan ilẹ̀kùn. Obìnrin náà gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó gbé òkè náà sórí tábìlì tirẹ̀, ó sì ní kí wọ́n máa wá lọ́dọọdún. Òun náà ló jókòó ti Sájẹ́ńtì níwájú yẹn. Láti ìgbà náà ni Sájẹ́ńtì ti di ọ̀gá alábẹ̀wò lórí iṣẹ́ Bàbá. Ẹni tí kò sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n di ẹni tí apá wa ò ká mọ́. Wọ́n á ní yìnyín kì í dúró lórí ẹ́ńjìnnì tó gbóná. Wọ́n á ní ìsàlẹ̀ ṣòkòtò gbọ́dọ̀ tutù. Bàbá á tún un ṣe, inú wọn á sì máa dùn.

Nínú ìgbàgbọ́, Bàbá kò fi ilé Ọlọ́run ṣeré. Lóòótọ́ ni wọ́n máa ń sùn lọ bí ìwàásù bá ti wọra, ṣùgbọ́n wọn kì í jí kọjá Àmín. Ní àdúgbò, kò sí àgbàlagbà tí eyín rẹ̀ ká tí wọn kò ṣe òmíràn fún lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì ní 2006. Bí ẹ bá wo yàrá yìí báyìí, ìdajì eyín tó ń rẹ́rìn-ín níbí, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá ọdún 2023, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Bàbá jókòó sórí àga wọn, wọ́n sì sinmi láìkígbe, ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Wọ́n fi Ìyá wa sílẹ̀ sáyé, pẹ̀lú Sájẹ́ńtì ẹ̀gbọ́n wọn, ọmọ mẹ́ta (aránṣọ kan, nọ́ọ̀sì kan, àti ọ̀kan tó ń wa ọkọ̀ ojú irin), ọmọ-ọmọ méje, àti ọmọ ogun oníke tó lé ní ọgọ́rin, tí gbogbo wọn wà láàyè àyàfi ẹyọ kan.

Nígbà tí a ń kọ ìwé yìí, a bi Sájẹ́ńtì léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí a fi kún un. A ti mú ìwé mẹ́ta sílẹ̀ nítorí a mọ bí ẹnu wọn ṣe ń já geere. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n sọ.

"Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ogun parí lọ́dún 1967, ṣùgbọ́n 1994 ni àbúrò mi wá mú mi wálé."

Bàbá Oníyìnyín, a ti kọ ọ́. Kí ibùsùn yín móoru, kí oorun yín dùn. Ẹ sùn ire o.