Kò Sí Àyè fún Táyà Lọ́gbà Mi

Ìbà, Ọ̀jọ́,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Àyìndé, àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo sì kí ikọ́ rẹ. Mo bẹ Ọlọ́run kó fún ọ ní àlàáfíà tí ìwọ fúnra rẹ ń fi táyà sun lójoojúmọ́. Ara tèmi le, Alihamudulilahi. Mo kọ èyí sílẹ̀ kí o lè kà á lẹ́ẹ̀mejì, torí ẹ̀ẹ̀kan kì í yé ọ.

Maimunat ìyàwó rẹ ti jíṣẹ́. Ó ní onílé ti lé ọ kúrò níbi tí o ti ń sun pọ̀nmọ́ lẹ́bàá Alaba Rago, torí èéfín rẹ ti lé àwọn ayálégbé rẹ̀ lọ, o wá fẹ́ máa ṣiṣẹ́ lọ́gbà mi. Ọgbà ta ni? Ọgbà tí o fi ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn náà?

Ọjọ́ tí mo pa táyà tì, tí mo ra abẹ àti ìkòkò omi gbígbóná láti máa fi fá irun awọ, o kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ wá wò mí. O ní, "Ẹ wo ẹ̀gbọ́n mi o, onígbàjámọ̀ màlúù! Àǹtí, ẹ má gbàgbé àtíkè o!"

Ọlọ́gbọ́n, gbọ́ ìṣirò. Awọ tí o fi táyà sun, iná ti jẹ ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ kó tó dọ́jà. O ra táyà, o tún ra oògùn ikọ́. Èmi, pákó tí káfíńtà dà nù ni mo fi ń se omi. Irun tí mo bá fá, àwọn olóko ẹ̀fọ́ ń wá kó o fi ṣe ajílẹ̀, ẹ̀fọ́ ni wọ́n sì fi ń dúpẹ́. Awọ mi wú, ó funfun, àwọn olóúnjẹ Ìyánà-Ìbà ń tò dè é, torí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti sọ pé àwọn ò jẹ táyà mọ́.

Ìwọ rí i pé wọ́n ń tò. Dípò kí o ra abẹ, o rẹ pọ̀nmọ́ táyà sínú ọṣẹ ìfọṣọ kó lè funfun, o gbé e fún Ìyá Tìmílẹ́hìn tó ń ta ìrẹsì, o ní èmi ni mo rán ọ! Ọbẹ̀ obìnrin náà hó bí omi aṣọ lójú àwọn oníbàárà. Ó gbé ìkòkò wá bá mi, ó ní, "Ìyá Sàmíát, ṣé kí n sá a sórí okùn ni?" Mo kúnlẹ̀ fún ẹni tí mo fi ọdún méje jù. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ orúkọ rere yẹn, ìwọ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dà nù láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Síbẹ̀, ọmọ ìyá mi ni ọ́. Lọ bẹ Ìyá Tìmílẹ́hìn kí o tó wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mú abẹ dání. Bí mo bá gbóòórùn táyà lára aṣọ rẹ, ẹnu ọ̀nà lo máa ti padà.

Ọlọ́run á fún ọ ní imú tó ń gbóòórùn àti orí tó ń ṣírò. Kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ pa ọ́. Àmín.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, tí a jọ mu ọmú kan náà,
Àjọkẹ́, onígbàjámọ̀ màlúù.

Àfikún: Ẹ̀kọ tí o ń mu láàárọ̀ láti oṣù méjì tí oníbàárà rẹ ti sá, abẹ ni Maimunat fi ń wá a. Ọgbà mi ló ń wá nígbà tó bá ní òun ń lọ kí ìyá òun. Òun ló máa kọ́ ọ níṣẹ́, ọ̀gá ni kí o sì máa pè é. Mú àtíkè dání.